Báàjì Tó Ń Ka Òdo: Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Kan Nínú Yàrá Ọkàn

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Báàjì kò rí nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jẹ́ ẹni ọdún 34. Ó ti lo ọdún 7 nínú yàrá ọkàn, ìyẹn yàrá tí àwọn dókítà ti ń ti wáyà tín-ín-rín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ tàbí ti itan lọ sínú ọkàn, tí ẹ̀rọ X-ray á sì máa fi ojú ọ̀nà hàn wọ́n títí iṣẹ́ á fi parí. Òun ló ń na irinṣẹ́ sí dókítà. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì gan-an ló ń dúró sí, kì í sí lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, fún ọdún méjì gbáko, báàjì tó yẹ kó máa wọn ìtànṣán tó ń bà á ń padà dé pẹ̀lú èsì kan náà: ohun tó wọlé kò tó kíkà.

Ìgbà tí àwọn olùwádìí kan wá ka ìbàjẹ́ àbùdá, ìyẹn ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ìtànṣán ni nǹkan yí padà. Ẹni tó bá wù ló ń fún wọn lẹ́jẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ èsì tirẹ̀ lè béèrè. Nọ́ọ̀sì yìí béèrè. Kóró kékeré 31, ìyẹn àmì pé nǹkan ti ṣe àbùdá, ni wọ́n rí nínú sẹ́ẹ̀lì 1,000 rẹ̀. Iye tí láàbù yẹn sábà ń rí lára obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò bá ìtànṣán ṣiṣẹ́ kò ju 15 lọ.

Ó gbé ìwé èsì náà wá sí ọ́fíìsì mi. Iṣẹ́ tèmi ni láti bójú tó ààbò ìtànṣán nílé ìwòsàn náà, mi ò sì tíì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn. Kò jókòó.

"Ọ̀gá, ìwé tiyín ló ní báàjì mi mọ́ tónítóní. Kí ló wá bà mí lábùdá jẹ́?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni, méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣé ìtànṣán ló fa ohun tí láàbù rí? Níbo sì ni báàjì wà nígbà tí ìtànṣán ń kọjá? Gbogbo ènìyàn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé ìwòsàn dì mọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́. Èmi gbà pé èkejì ló wúwo jù, ibẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ yà sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí láàbù kà ná, torí ohun tó kó ẹ̀rù bá obìnrin náà nìyẹn.

Kóró kékeré

Inú kóró sẹ́ẹ̀lì ni kúrómósómù 46 wà, DNA sì ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Bí X-ray bá gba inú sẹ́ẹ̀lì kọjá, ó máa ń lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò láyè wọn. Nígbà mìíràn, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà á kọlu DNA tààrà. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú sẹ́ẹ̀lì ló máa kọlù. Omi náà á fọ́ sí èròjà tí kò lè dá wà láìbá nǹkan mìíràn jà, èròjà yẹn ni yóò sì wá ba DNA jẹ́. Okùn méjì tí a lọ́ mọ́ra ni DNA. Bí ọ̀kan bá já, sẹ́ẹ̀lì á wo ìkejì, á fi tún un ṣe, ọ̀rọ̀ parí. Bí méjèèjì bá já lójú kan náà, iṣẹ́ dé nìyẹn.

Bí X-ray bá fún sẹ́ẹ̀lì ní 1 Gy (Gy ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtànṣán tó wọ ara), nǹkan bí 35 sí 40 irú ìjá méjèèjì yìí ló ń wáyé nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Iye tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń gbà kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1 mGy, ìdá kan nínú 1,000 Gy, èyí tó jẹ́ 1 mSv (mSv ni wọ́n fi ń wọn ewu tí ìtànṣán lè ṣe fún ara) bí X-ray bá kan gbogbo ara, nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì 1 nínú 25 sí 30 ni irú ìjá bẹ́ẹ̀ á bá, àwọn tó kù á bọ́. Sẹ́ẹ̀lì kì í sì í káwọ́ gbera. Àwọn èròjà atúnṣe á sáré débẹ̀, wọ́n á so orí tó já mọ́ra, kí ilẹ̀ tó ṣú èyí tó pọ̀ jù ti di títúnṣe. Àṣìso ló ń dá wàhálà sílẹ̀: kí orí kúrómósómù kan lọ so mọ́ ti òmíràn, tàbí kí ègé kan ṣubú láìrí ibi so mọ́.

Irú ègé tó ṣubú bẹ́ẹ̀ ló ń di kóró kékeré. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, àwọn fọ́nrán kan máa ń fa kúrómósómù lọ sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Sẹntiromíà, ìyẹn ojú ibi tí apá kúrómósómù ti so pọ̀, ni fọ́nrán náà ń dì mú. Ègé tí kò ní sẹntiromíà kò ní ibi tí wọ́n á ti fà á, á sì ṣẹ́kù sẹ́yìn. Bí pípín bá parí, á ká ara rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró ńlá, roboto, kékeré, tí ẹni tó bá wo awò maikirosíkóòpù á rí kedere.

Láti kà á, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi èròjà kan tí wọ́n ń rí lára ẹ̀wà pupa ta sẹ́ẹ̀lì funfun jí kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í pín, torí tẹ́lẹ̀ ńṣe ló kàn ń sinmi. Wọ́n á tún fi òògùn mìíràn dá a dúró kó má lè ya sí méjì tán. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 72, sẹ́ẹ̀lì kan á wà níwájú wọn tó ní kóró ńlá méjì. Ẹ̀gbẹ́ àwọn kóró ńlá yẹn ni wọ́n á ti máa wá kékeré. Fenech àti Morley ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1985, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìtànṣán nìkan kọ́ ló ń fa kóró kékeré. Ọjọ́ orí ń fi kún un. Obìnrin máa ń ní i ju ọkùnrin lọ. Àìtó fólétì, irú fítámì B kan, àti fítámì B12 lára ń fà á, àwọn òògùn jẹjẹrẹ kan náà ń fà á. Nítorí náà, 31 tí láàbù kà jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò dárúkọ ẹni tó ṣe é.

Ibi tí báàjì wà

Mo bi í léèrè ibi tó máa ń fi báàjì sí. Ó ní àyà, lábẹ́ ẹ̀wù òjé, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Mo ní kó mú un wá kí n wò ó. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Inú dúrọ́ọ̀ ló wà, Ọ̀gá."

Dúrọ́ọ̀ náà wà nínú yàrá ìsinmi àwọn nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn ògiri méjì sí yàrá ọkàn. Nígbà tí mo ṣí i, báàjì márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ni tirẹ̀.

Ohun tó sọ lẹ́yìn náà kò yà mí lẹ́nu tó bó ṣe yẹ kó yà mí lẹ́nu, torí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, báàjì ẹlẹgbẹ́ wọn kan ka iye tó ga. Ilé ìwòsàn yọ ọmọbìnrin náà kúrò ní yàrá ọkàn lọ́sẹ̀ kan náà, owó àjẹmọ́nú tó ń gbà fún iṣẹ́ òru àti ìpè pàjáwìrì sì bá a lọ. Ẹnikẹ́ni kò wọ inú yàrá náà lọ wo ohun tó mú kí iye náà ga. Ẹlòmíràn wá gba ipò rẹ̀, ó dúró sójú kan náà, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ̀kọ́ tí àwọn tó kù kọ́ níbẹ̀ ni pé báàjì lè gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn. Wọ́n bá fi í pamọ́.

Mi ò lè bá wọn wí. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ní kí o so mọ́ àyà kò tíì dáàbò bo ẹnikẹ́ni rí lójú rẹ, tó sì ti ba tẹnìkan jẹ́, ìwọ náà á wá dúrọ́ọ̀ fún un.

Ohun tó jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó hàn síta ni bí wọ́n ṣe ń ka báàjì. Inú báàjì ni èròjà kékeré kan wà, bíi lithium fluoride, tó máa ń fi agbára ìtànṣán pamọ́ sínú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá mú un gbóná, á tan ìmọ́lẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni ìtànṣán ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á wá yọ iye tí báàjì kan tó kàn jókòó sí ọ́fíìsì gbà kúrò, kí ìtànṣán inú ilẹ̀ àti ojú ọ̀run má bàa wọ inú ìṣirò. Báàjì tó sùn sínú dúrọ́ọ̀ kò ní ju ti ọ́fíìsì lọ, ó di òdo. Ìwé èsì tó ń wọlé sì máa ń fi àmì pupa sí orúkọ tí iye rẹ̀ bá ga. Kò sí àmì kankan fún èyí tó bá kéré ju bó ṣe yẹ. Lójú ẹni tó bá ń wo ìwé nìkan, yàrá yẹn ló mọ́ jù nínú gbogbo ilé ìwòsàn.

Àìtó ohun èlò tún dá kún un. Báàjì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún wọn, tí wọ́n ní kí wọ́n fi sábẹ́ ẹ̀wù òjé. Ẹ̀wù òjé tó dára máa ń dá ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 ìtànṣán tó ta padà lára aláìsàn dúró, nítorí náà báàjì abẹ́ ẹ̀wù lè ka iye tó kéré gan-an láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe èrú. Ẹyọ ti ọrùn, lóde ẹ̀wù, kò lè ka òdo lára ẹni tó dúró ti tábìlì. Ká ní wọ́n ti ń fún wọn ní méjì ni, àṣírí á ti tú ní oṣù àkọ́kọ́.

Ohun tí a wọ̀n nínú yàrá

Nígbà tí báàjì ti kọ̀ láti sọ̀rọ̀, yàrá la ní láti bi. A gbé búlọ́ọ̀kù pílásítíìkì tó nípọn bí àyà àgbàlagbà sórí tábìlì, torí aláìsàn ni ìtànṣán ń kọlù kó tó fọ́n ká bá àwọn tó dúró. A tan ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń tàn án níṣẹ́, a sì gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ojú ibi tí nọ́ọ̀sì náà ń dúró sí, ní ọrùn, ní ìgbànú, ní orúnkún.

Orúnkún ló ga jù. Abẹ́ tábìlì ni orísun X-ray wà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ibi tí ìtànṣán bá sì ti wọ ara aláìsàn ni ó ti ń ta padà jù, ìyẹn ìsàlẹ̀. Aṣọ òjé kan wà tó yẹ kó máa rọ̀ lábẹ́ tábìlì láti bo ẹsẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ ní apá ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, torí pé ó ń di àpótí tó ń tẹ̀ gùn lọ́wọ́. Gíláàsì olójé tó rọ̀ láti òkè àjà láti bo ojú àti ọrùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ apá irin rẹ̀ ti ṣẹ́. Wọ́n ti tì í sára ògiri, ẹnìkan sì ti fi kọ́ ẹ̀wù.

Nígbà tí a yí ẹ̀rọ náà wọ́ ẹ̀gbẹ́, bí dókítà ṣe máa ń yí i kó lè rí iṣan kan dáadáa, orísun X-ray bọ́ sí apá ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ohun tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ń kà sì fò sókè gan-an. A ní kí nọ́ọ̀sì náà sún ẹ̀rọ ìwọ̀n sẹ́yìn, láti ìdajì mítà sí mítà kan sí aláìsàn. Ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti ẹ̀yìn gíláàsì ló ti dì í mú, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn. Ó wo nọ́ńbà náà, ó tún sún un síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà gbọ́. "Ìṣísẹ̀ kan péré?" ló wí.

Ẹ̀rọ náà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú tí X-ray fi tàn fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. A mú ìwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà, a fi bá àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ dọ́gba, a sì fi iye tí a wọ̀n sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó jáde fún ọdún kan jẹ́ nǹkan bí 48 mSv ní ọrùn lóde ẹ̀wù, àti nǹkan bí 2 mSv lábẹ́ ẹ̀wù. Láti mọ ohun tí gbogbo ara gbà, ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ ń lò: ìdajì ti abẹ́ ẹ̀wù, kí a fi ìdá kan nínú 40 ti ọrùn kún un. Ìyẹn fún wa ní 2.2 mSv lọ́dún, nǹkan bí 15 mSv fún ọdún 7.

Ó yẹ kí a fi iye yìí sí àyè rẹ̀. Ààlà tí ICRP, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ààbò ìtànṣán, fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ni 20 mSv lọ́dún tí a bá pín ọdún 5 dọ́gba, kí ọdún kan ṣoṣo má sì kọjá 50. Ìtànṣán àdáyébá tó ń bá ẹnikẹ́ni níbi gbogbo jẹ́ 2.4 mSv lọ́dún, ní ìpíndọ́gba gbogbo ayé. Iṣẹ́ rẹ̀ ti ń fún un ní nǹkan bí iye tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń fún un láìgba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ gbogbo ara rọ̀ mí lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ojú kò rọ̀ mí lọ́kàn. Ojú kò wọ ẹ̀wù. Ohun tí báàjì ọrùn bá gbà, ojú ń gbà nínú rẹ̀. Kódà bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin, 36 mSv ló kù. Ní 2011, ICRP já ààlà fún lẹ́ńsì ojú wálẹ̀ láti 150 sí 20 mSv lọ́dún, torí pé ìtànṣán lè mú kí ẹ̀yìn lẹ́ńsì ṣú ní ìwọ̀n tó kéré ju èyí tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ àbùdá, ojú obìnrin yìí ti kọjá ààlà, ọdún kan lórí òmíràn, báàjì sì ń ka òdo.

Ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì

A tún ní kí láàbù wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Èyí tí gbogbo ayé fọkàn tán jù fún ìtànṣán ni kíka kúrómósómù onísẹntiromíà méjì. Bí kúrómósómù méjì bá já tí wọ́n sì so mọ́ra wọn ní àṣìso, ọ̀kan á jáde tó ní sẹntiromíà méjì, kò sì sí ohun púpọ̀ mìíràn tó ń fa irú rẹ̀ yàtọ̀ sí ìtànṣán. Lára ẹni tí kò rí ìtànṣán, ìdajì sí ẹyọ kan ni wọ́n ń rí nínú sẹ́ẹ̀lì 1,000. Tirẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan.

Inú rẹ̀ dùn. Mo ní kó má tíì dùn tó bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kì í lè fi ìwọ̀n tó bá kéré sí nǹkan bí 100 mSv hàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní irú kúrómósómù bẹ́ẹ̀ sì ń kú tán díẹ̀díẹ̀; láàárín ọdún mélòó kan, ìdajì wọn ti lọ. Ẹni tó bá gba 15 mSv láàárín ọdún 7 kò ní farahàn níbẹ̀ rárá. Ohun tí ẹyọ kan náà sọ kò ju pé ìtànṣán ńlá kankan kò kọlù ú láìpẹ́.

Ẹ̀kẹta ló la ọ̀rọ̀ kóró kékeré. Láàbù fi àwọ̀ tó ń tàn kun sẹntiromíà, wọ́n sì tún kóró kékeré rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ègé tí ìtànṣán gé máa ń wà láìní sẹntiromíà. Èyí tó bá ní i jẹ́ odidi kúrómósómù tó sọnù lójú ọ̀nà nígbà pípín. Lára obìnrin, kúrómósómù X ló sábà ń sọnù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú tirẹ̀ ló ní sẹntiromíà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbogboògbò sì fi hàn pé fólétì rẹ̀ kéré gan-an.

Ní tèmi, ìtànṣán kọ́ ni baba ìṣòro 31 yẹn. Mi ò sọ pé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá o. Kò sí àyẹ̀wò kan tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ìbéèrè ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kó jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ títí gbogbo èsì yìí fi dé. Òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ bímọ. Ó ní: "Ẹ má fi ìwé dá mi lóhùn o. Ṣé n ó gbé e fún ọmọ mi ni?"

Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kì í lọ sínú ọmọ. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ á bá a kú níbẹ̀. Ẹyin inú ilé ẹyin nìkan ni ọmọ lè ti jogún nǹkan, ilé ẹyin sì wà lábẹ́ ẹ̀wù òjé, nínú ikùn, níbi tí ìtànṣán tó ń dé kò ti tó ti awọ ara. Pé X-ray lè yí àbùdá ìran padà kì í ṣe àròsọ: 1927 ni Hermann Muller fi hàn nínú eṣinṣin èso, ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1946, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n ṣọ́ra. Àmọ́ nínú ènìyàn, wọ́n ti tẹ̀lé àwọn ọmọ tí àwọn tó yè bọ́ ní Hiroshima àti Nagasaki bí lẹ́yìn bọ́ǹbù, wọ́n lé ní 70,000, wọn ò sì tíì rí ìbísí àrùn àjogúnbá kan tí wọ́n lè nàka sí.

ICRP kò fi ìyẹn gbára lé pé kò sí nǹkan. Wọ́n ṣì ń ṣírò pé bí ìwọ̀n bá ṣe kéré tó, ewu á kéré tó, láìsí ibi tó ti di òdo. Ní 2007, iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà òṣìṣẹ́ ni ìdá 0.1 nínú 100 fún àrùn àjogúnbá, àti 4.1 nínú 100 fún jẹjẹrẹ, bí ara bá gba 1 Sv, ìyẹn 1,000 mSv. Pín in sí 15 mSv: fún àjogúnbá, ẹnì kan tàbí méjì nínú 100,000, fún jẹjẹrẹ, bí ènìyàn 6 nínú 10,000, nígbà tí nǹkan bí 42 nínú 100 á ní jẹjẹrẹ láyé wọn láìsí ìtànṣán iṣẹ́ kankan, bí ìgbìmọ̀ BEIR ti Amẹ́ríkà, tó ń yẹ ewu ìtànṣán wò, ṣe kọ ọ́ ní 2006. Ètò ààbò ni wọ́n ṣe ìṣirò yìí fún, kì í sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo sì sọ nọ́ńbà náà, torí pé mo rí i pé ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "ó kéré" lásán máa ń lọ sílé lọ fi ẹ̀rù tirẹ̀ kún àyè tó ṣófo.

Ó bi mí léèrè bí àwọn olùwádìí ṣe wá ń rí ìbàjẹ́ lára àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n ń rí i lóòótọ́. Ní 2005, àwọn olùwádìí kan ní Pisa, ní Ítálì, fi àwọn dókítà tí ń ṣe irú iṣẹ́ yàrá ọkàn wé àwọn dókítà ọkàn tí kì í dé ìdí ìtànṣán, kóró kékeré sì pọ̀ lára àwọn ti àkọ́kọ́. Àwọn ìwádìí mìíràn tó tẹ̀lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fún ọdún púpọ̀ rí i pé ẹgbẹ́ tí kóró kékeré bá pọ̀ lára wọn ń ní jẹjẹrẹ ju ẹgbẹ́ tó kéré lára wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ka àwọn òṣìṣẹ́ yàrá kan tí iye wọn sì ga lápapọ̀, yàrá náà ló yẹ ká lọ tú wò. Bí wọ́n bá ka ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ orí rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti oríire tó bá sẹ́ẹ̀lì 1,000 tí wọ́n yàn ti wà nínú nọ́ńbà náà, kò ṣeé yà sọ́tọ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e

Nígbà tí mo gbé ìròyìn lọ bá àwọn aláṣẹ, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé kí wọ́n yọ nọ́ọ̀sì náà kúrò ní yàrá ọkàn. Mo kọ̀. Ìyẹn gan-an ló kún dúrọ́ọ̀. Ẹni tó bá sì gba ipò rẹ̀ á dúró níwájú gíláàsì tó ṣẹ́ náà. Ó gba àríyànjiyàn tó le, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí ìlànà tuntun: bí iye ẹnikẹ́ni bá ga, yàrá ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, owó àjẹmọ́nú rẹ̀ kò sì ní dín kù nítorí ohun tí báàjì kà. Wọ́n tún apá irin gíláàsì ṣe. Aṣọ òjé abẹ́ tábìlì padà sáyè, wọ́n gé àpótí ìtẹ̀gùn kúrú kó lè gbà á. Olúkúlùkù gba báàjì méjì, wọ́n sì kọ́ wọn láti ṣí ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn nígbà tí dókítà bá fẹ́ ya àwòrán tó gùn, torí àsìkò yẹn ni ìtànṣán ń pọ̀ jù.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì báàjì wọlé. Iye gbogbo ènìyàn inú yàrá náà ti gòkè. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ kò dùn: owó tí wọ́n ná láti fi tún yàrá ṣe ńkọ́, ṣé ńṣe ló wá burú sí i ni? Mo gbé ìwọ̀n tí a fi búlọ́ọ̀kù pílásítíìkì ṣe ṣáájú àti èyí tí a ṣe lẹ́yìn àtúnṣe lọ bá a. Ìtànṣán ojú ibi tí nọ́ọ̀sì ń dúró sí ti já wálẹ̀ gan-an. Báàjì ló kúrò nínú dúrọ́ọ̀.

Nọ́ọ̀sì náà ń lo fólétì. Nígbà tí láàbù tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kà, 19 ni wọ́n rí. Mo mọ̀ pé fólétì àti àtúnṣe yàrá wáyé lásìkò kan náà, nítorí náà mi ò fún èyíkéyìí nínú méjèèjì ní oríyìn. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tó bá kéde oyún, ààlà fún ọmọ inú rẹ̀ di 1 mSv títí oyún á fi parí, wọ́n á sì fún un ní báàjì mìíràn sí ikùn, lábẹ́ ẹ̀wù, tí wọ́n á máa kà lóṣooṣù. Ó ní òun á fẹ́ dúró sí yàrá náà bó bá ti rí bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò yàn.

Dókítà ojú fi òògùn la ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ ẹ̀yìn lẹ́ńsì wò, kò rí ṣíṣú kankan. Awò ojú olójé àkọ́kọ́ tí ilé ìwòsàn rà fún un kò ṣeé wọ̀ lórí awò ojú tó fi ń ríran, á máa yọ̀ bọ́ sí imú, ó sì máa ń bọ́ ọ sílẹ̀ láàárín iṣẹ́. Wọ́n dá a padà, wọ́n ṣe òmíràn tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ wà nínú òjé gan-an, tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú pẹ̀lú. Ọdọọdún ni wọ́n á máa yẹ ojú náà wò.